Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi Kúnlẹ̀ Lójú Omi

Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ kò jẹ́ kí n yan búrẹ́dì mi ní ìrọ̀rùn. Ẹni tó wá ra búrẹ́dì á dúró ti ààrò, á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé lóòótọ́ ni pé orí omi ni wọ́n ń sùn níbẹ̀? Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ń se ìṣáwùrù tòun ti ìkarahun?" Ẹnu kan ṣoṣo ni mo ní, iná sì ń jó mi lójú. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó kà á. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, kó wá ẹni tó máa kà á fún un, kó sì fi búrẹ́dì dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Búrẹ́dì tèmi ni kó rà o.

Ẹ ṣáà mọ ohun tó gbé mi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi Làmídì, tó ń wa lọ́rì láàárín Ìbàdàn àti Ìlọrin tẹ́lẹ̀, ló fi lọ́rì sílẹ̀ tó lọ ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù ní Pọ́tákọ́ọ̀tù, ọkọ̀ tó ń fi ẹ́ńjìnnì rìn, tó fi ń gbé èrò lọ sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Okrika láàárín omi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Odò tó tóbi jù lọ tí a mọ̀ kò ju èyí tí a ń fọ aṣọ nínú rẹ̀ lọ. Ìyá wa kò sùn dáadáa láti ọjọ́ tó ti gbọ́. Nígbà tí ìròyìn tún wá dé pé ọkọ̀ náà kì í gbọ́ràn, pé bí Bọ̀ọ̀dá bá darí rẹ̀ sí ọ̀nà kan, inú igbó ló ń lọ ní tirẹ̀, Ìyá pè mí wọlé.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ fún mi. Bí iṣẹ́ yẹn bá dára, n kò ní kó má ṣe é. Ṣùgbọ́n bí kò bá dára, má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dá a dúró sídìí omi. Mú un bọ̀ wá sílé. Lọ́rì àbúrò bàbá yín ń dúró dè é."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo kó búrẹ́dì sínú agbọ̀n, mo sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Níbi tí Yorùbá mi ti tán

Títí a fi dé Benin, mo ṣì ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Asaba ni àyà mi ti já. Wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, kí wọ́n lè wà á wọ inú ọkọ̀ ńlá tí yóò gbé e sọdá Odò Ọya. Èmi tí mo ti ń dárúkọ odò yìí láti kékeré, n kò mọ̀ pé báyìí ló ṣe fẹ̀! Obìnrin kan tó pọnmọ rí i pé mo ń fà sẹ́yìn, n kò fẹ́ wọ ọkọ̀. Ó fà mí lọ́wọ́, ó fi mí sí àárín òun àti ọkọ rẹ̀, títí a fi gúnlẹ̀ sí Onitsha. N kò gbọ́ èdè rẹ̀, kò sì gbọ́ tèmi. Mo fún un ní búrẹ́dì, ó fún mi ní ọsàn, a pínyà. N kò mọ orúkọ rẹ̀ di òní yìí. Ọlọ́run ni kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀rín àti ọwọ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ní ilé olóúnjẹ kan ní Owerri, ìyá olóúnjẹ gbé ọbẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Ose?" Mo rò pé ọṣẹ ni, kí n fi fọwọ́. Mo mirí pé bẹ́ẹ̀ ni, mo sì na ọwọ́ mi méjèèjì sí i. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó sì bu ata gígún kún inú ọbẹ̀ mi. Àṣé ata ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Mo jẹ ẹ́. Omijé ń dà lójú mi, imú mi ń ṣàn, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń fi inú rere bu omi fún mi lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí.

Obìnrin tó bá mi wá nǹkan nílẹ̀

Òjò ló gbà mí lálejò ní Pọ́tákọ́ọ̀tù. Òjò ibẹ̀ kì í ṣú kó tó rọ̀. Bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, á ti dé, á tún lọ, oòrùn á sì yọ bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀. Ó ti gbẹ, ó ti dú, gírísì sì wà lábẹ́ gbogbo èékánná rẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ni mo fi dá a mọ̀. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, mo kàn ń sunkún lójú títì bí ọmọ ọwọ́.

Ilé tó ń gbé kò jìnnà sí etí omi. Èrò oríṣiríṣi ló kún inú rẹ̀: Ìgbò, Ikwerre, àwa Yorùbá bíi mélòó kan. Ẹni tí yàrá rẹ̀ dojú kọ ti Bọ̀ọ̀dá ni Ibinabo, opó kan tó jẹ́ ọmọ Okrika, tó ń ta ẹja àti ìṣáwùrù. Ó jù mí lọ dáadáa, nítorí náà bó ṣe jáde ni mo kúnlẹ̀ kí i. Ó tẹ̀ ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kíákíá, ó ń fọwọ́ tú ilẹ̀ kiri.

Ó ní, "Wetin fall? Na earring? Make I help you find am."

Bọ̀ọ̀dá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ṣàlàyé fún un pé n kò wá nǹkan kan, pé bí a ṣe ń kí àgbà nìyẹn. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu ògiri. Láti ọjọ́ náà, kò pe orúkọ mi mọ́. "Madam Kneel-down" ló ń pè mí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í gba irú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ bọ́ mi ní ìlú náà. Ẹni tó bọ́ni lè pe èèyàn ní orúkọ tó bá wù ú.

Ọ̀rọ̀ ìṣáwùrù tí ẹ ń bi mí, òótọ́ ni. Wọ́n á gé ìdí rẹ̀, wọ́n á sè é sínú ọbẹ̀ tòun ti ìkarahun. Èyí àkọ́kọ́, mo gé e jẹ, eyín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ká. Ibinabo gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́nu, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Suck am, my sister. No fight am." Mo fà á, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Ó tún gún iṣu pọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n, ó fi epo pò ó títí ó fi pupa fòò, wọ́n ń pè é ní onunu. Mo ní nínú ara mi pé ta ni yóò fi iyán ṣe irú èyí? Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, mo tún na àwo sí i.

Omi tó ń lọ sílé

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bọ̀ọ̀dá mú mi lọ wo ọkọ̀ rẹ̀. A dé etí omi, n kò rí omi. Ẹrẹ̀ ni mo rí, àwọn ọkọ̀ sì dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. Mo pariwo, "Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ti gbé omi lọ!"

Ó ní omi ti lọ sílé ni, pé yóò padà wá. N kò gbà á gbọ́. Mo jókòó lórí pákó kan, mo ń ṣọ́ ọ. Lóòótọ́, kó tó di ọ̀sán, omi ti ń rọra yọ́ wọlé, ó gbé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Lójoojúmọ́ ni omi ibẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo rí, èyí ni mo ṣì ń rò bí oorun bá dá lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ọkọ̀ náà, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lè yé yín. Igi ni wọ́n fi kàn án, ó gùn, ó sì ti gbó. Ẹ́ńjìnnì wà láàárín. Níwájú ni Bọ̀ọ̀dá ń jókòó sí, ó di sítíárì mú bíi ti lọ́rì gan-an. Okùn ti ara sítíárì gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn, ó ń gba orí àwọn kẹ̀kẹ́ irin kéékèèké kọjá, títí dé ara ìtọ́kọ̀. Ìtọ́kọ̀ yìí ni pákó pẹlẹbẹ tó wà nínú omi ní ìdí ọkọ̀. Bí sítíárì bá yí, okùn á fà, ìtọ́kọ̀ á yà, ọkọ̀ á sì tẹ̀lé e. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Bí ó ṣe rí ní ọjọ́ ọjà tí mo kọ́kọ́ bá wọn lọ, ẹ jọ̀ọ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a tún rí i. Àwọn obìnrin oníṣòwò, Yorùbá bíi tiwa, ló kún inú ọkọ̀, wọ́n ń kó aṣọ àti àwo lọ sí Okrika, kí wọ́n lè ra edé àti ẹja gbígbẹ bọ̀. Olórí wọn ni Ìyá Sáfù, ará Ọ̀yọ́, obìnrin ńlá tó sanra dáadáa, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bọ́ sílẹ̀. A lọ dáadáa títí a fi dé ibi tí omi ti yà, ní apá Abuloma. Bọ̀ọ̀dá yí sítíárì. Ọkọ̀ kò yà. Ó tún yí i, ó yí i títí kò fi lè yí mọ́, ọkọ̀ sì ń lọ tààrà sára àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró sókè omi bí ẹsẹ̀ akàn. A ya wọ inú wọn gbàràgàdà. Ẹ̀ka igi fa gèlè mi lọ, ọkọ̀ kékeré apẹja kan tó wà nítòsí fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé. Gbogbo wa ń ké pe Ọlọ́run ní onírúurú orúkọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Pápà Dagogo wá sílé. Òun ni olórí àwọn ọlọ́kọ̀ ní etí omi náà, arúgbó kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ Okrika, tí kì í pariwo. Òun náà ló kọ́ Bọ̀ọ̀dá ní gbogbo ọ̀nà omi nígbà tí kò mọ ẹnì kan.

Ó ní, "Lamidi, you be my friend. But water no be road. If this thing happen again, you no go carry people for this waterside. I no fit bury another man mama because of friendship."

Bọ̀ọ̀dá kò jiyàn. Nígbà tí bàbá náà lọ tán, ó wò mí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, mo mọ iṣẹ́ tí Ìyá rán ọ. Bí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ bá tún bàjẹ́, n ó di ẹrù mi, a ó jọ lọ."

A tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀

Bọ̀ọ̀dá kò sùn, kò jẹun. Ó ní okùn ni. Ó tú okùn àtijọ́, ó ra tuntun, ó fà á le dan-in, bí ẹni tó ń di ẹrù sórí lọ́rì. Ní ọjọ́ kejì òjò rọ̀, okùn mu omi, ó sún kì, sítíárì kò sì lè yí rárá mọ́. Pápà Dagogo ń kọjá lọ, ó tẹ okùn náà wò, ó ní, "Rope dey drink water like person. Leave am small make e get where e go put belly." Bọ̀ọ̀dá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, sítíárì sì yí.

Lẹ́yìn náà ó ní àwọn kẹ̀kẹ́ okùn ni. Èmi àti òun jókòó, a fi iyẹ̀pẹ̀ ha ìpatà wọn kúrò, a kùn wọ́n ní gírísì. Ó ní ìdè tó mú ìtọ́kọ̀ ti jẹ, ó sì ń mì. Nígbà tí omi lọ sílé, a wọ inú ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó fi irin tuntun rọ́pò rẹ̀. Ibinabo gbé oúnjẹ wá bá wa níbẹ̀, ó ń wò mí nínú ẹrẹ̀, ó ní òun kò mọ̀ pé àwọn tó ń kúnlẹ̀ lè ṣiṣẹ́ báyìí.

Nígbà tí omi dé, Pápà Dagogo fúnra rẹ̀ wá dán an wò pẹ̀lú wa. Ó jókòó sẹ́yìn, Bọ̀ọ̀dá ń wà á, èmi wà láàárín. Ọkọ̀ náà ń yà bí ejò. Ọ̀tún, òsì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Pápà Dagogo ní, "This steering correct." Ṣùgbọ́n ojú Bọ̀ọ̀dá kò tú ká. Ó sọ fún mi nígbà tí a délé pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá gbé igi ìdáná, ó gbọ́. Bó bá gbé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí apá Alesa, níbi tí wọ́n ń kọ́ ilé ìfọpo sí, ó gbọ́. Ọjọ́ tí àwọn ìyá wa bá wọ̀ ọ́ ni etí rẹ̀ ń di.

Ó ní, "Àbí omi yìí kò fẹ́ràn Yorùbá ni?"

Mo ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé Òyìnbó ni ọ́?"

Àárọ̀ ọjọ́ ọjà

Ilẹ̀ mọ́, omi kún. Àwọn ìyá dé pẹ̀lú ẹrù wọn, wọ́n ń kí Bọ̀ọ̀dá, ó ń dá wọn lóhùn láìgbójú sókè. Mo dúró sí etí omi, kò wù mí láti wọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà gbogbo náà ni wọ́n ṣe. Ìyá Sáfù kọ́kọ́ wọlé, ó lọ jókòó níwájú pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, nítorí ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyá àgbà kì í wọ lọ́rì kó lọ jókòó sẹ́yìn. Àwọn tó tẹ̀lé e lọ́jọ́ orí tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹrù sì wá dé orí ẹrù níwájú wọn, nítorí kò sí oníṣòwò tó fẹ́ kí ẹrù òun kúrò lójú òun. Àwọn ọ̀dọ́ ìyàwó méjì péré tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà ní ẹ̀yìn.

Ibinabo wà létí omi pẹ̀lú abọ́ ìṣáwùrù rẹ̀. Ó ká ọwọ́ lérí, ó sì kígbe, "Madam Kneel-down, come see! Una boat sef dey kneel down! E dey greet water good morning!"

Gbogbo etí omi rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ìwọ ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀? Mo yíjú sí ọkọ̀ náà kí n lè rí ohun tí mo máa fi dá a lóhùn. Òótọ́ ni, ọkọ̀ náà kúnlẹ̀. Imú rẹ̀ tẹ̀ wọ inú omi, ìdí rẹ̀ sì wà lókè. Ìtọ́kọ̀ tí a wọ ẹrẹ̀ tún ṣe, tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ omi, ó yọ síta, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i, bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè kí omi má bà á. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ ló kan omi. Báwo ni pákó tí kò kan omi ṣe fẹ́ darí ọkọ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, n ó sọ òótọ́ fún yín. Mo rántí Ìyá wa. Bí a bá kàn ní kí àwọn obìnrin wọ̀nyí sọ̀ kalẹ̀, pé ọkọ̀ kò dára, ẹ̀gbọ́n mi á bá mi lọ sílé, Ìyá á sì sùn. Ṣùgbọ́n mo wo Bọ̀ọ̀dá níbi tó di sítíárì mú, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ṣàdúrà. Mo mọ̀ pé bí mo bá mú un lọ báyìí, ìdajì rẹ̀ ni mo máa mú délé.

Mo pè é. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ wá wo ìdí ọkọ̀ yín láti ibí."

Ó wá, ó wò ó, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Pápà Dagogo náà sún mọ́ wa. Bàbá náà wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ní, "Na so una dey load am? Front na for lorry. For boat, na back big person dey sit." Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò rí àgbà tó jókòó sí imú ọkọ̀ rí, nítorí náà kò tilẹ̀ wá sí òun lọ́kàn láti béèrè.

Bọ̀ọ̀dá bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló máa wá sọ fún Ìyá Sáfù pé kó lọ sẹ́yìn?"

Ẹ̀yìn

Èmi ni mo lọ. Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ létí ọkọ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ kí ẹ bá wa bọ́ sẹ́yìn."

Ìyá Sáfù wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, láti ìgbà tí mo ti ń wọkọ̀, kò sí ẹni tó rán mi lọ sẹ́yìn rí. Kí ni mo fi ṣe yín? Àbí mo ti di ẹrù?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ̀yìn lọkọ̀ yìí ti ń gbọ́ràn. Ìtọ́kọ̀ wà lókè, kò kan omi. Kò sí ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú wa bí kò ṣe ẹ̀yin." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò jáde dáadáa.

Obìnrin kan fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Sáfù kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú padà, ó wo ìdí ọkọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níbo làgbà yẹn dúró sí tó fi rí orí ọmọ? Ṣebí ẹ̀yìn ni. Ẹni tó ṣíwájú ìyá ọmọ, kí ló fẹ́ rí?" Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó dìde, ó ń rìn lọ sẹ́yìn bí ẹni tó ń lọ joyè.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́kàn mi ni gbogbo obìnrin tó kù dìde fùú, tí wọ́n tẹ̀lé e. Ta ló fẹ́ jókòó níwájú kó kọ ẹ̀yìn sí Ìyá Sáfù? Ìdí ọkọ̀ rì, imú rẹ̀ sì gbé sókè. Láti etí omi mo gbọ́ ohùn Ibinabo: "Ah! Now e dey look God!"

Ìyá Sáfù jágbe, "Ẹ padà sí àyè yín! Ṣé èmi nìkan kò tó ni?" Wọ́n padà, wọ́n pín ara wọn káàkiri, wọ́n fa ẹrù wá sáàárín. Pápà Dagogo dúró létí omi, ó ń fọwọ́ júwe, títí ọkọ̀ fi jókòó tẹ́ẹ́tẹ́ lórí omi. Lẹ́yìn náà èmi náà wọlé, bàbá náà wọ ọkọ̀ tirẹ̀, ó ń tẹ̀lé wa bọ̀.

A dé Abuloma. Mo ti di igi ìjókòó mú. Bọ̀ọ̀dá yí sítíárì, ó rọra yí i, bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Imú ọkọ̀ sì yà. Ó yà wọ́ọ́rọ́, àwọn igi náà kọjá lọ ní ẹ̀gbẹ́ wa, omi sì ṣí sílẹ̀ níwájú.

Ìyá Sáfù ló kọ́kọ́ ké láti ẹ̀yìn. "Ó gbọ́ o!" Gbogbo wa gbà á, à ń pàtẹ́wọ́, à ń kọrin. Bọ̀ọ̀dá kò lè kọrin. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò, ó ń fi èjìká nu ojú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára sítíárì. Ní Okrika, Pápà Dagogo wá bá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Carry people. I don see am."

Mo sunkún ní ọjọ́ tí mo ń bọ̀. Ibinabo kó onunu fún mi sínú ewé, ó wá sí ibùdókọ̀, ó sì kúnlẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, orúnkún kan nílẹ̀ kan lókè. Kò mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ìyá Sáfù fún mi ní edé. Pápà Dagogo fi ẹja gbígbẹ rán mi sí ìyá wa, ó ní, "Tell your mama say her pikin get people here." Mo jẹ wọ́n ní gbèsè tí ẹnu mi kò lè san. Ẹ bá mi ṣàdúrà fún wọn bí ẹ bá ń kà á.

Mo dé ilé, èmi nìkan. Ìyá jókòó lójú ọ̀nà. Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ohun kan pamọ́: pé iṣẹ́ náà dára, pé Bọ̀ọ̀dá kò ní bọ̀, pé èmi tí Ìyá rán láti lọ mú un wá ni mo bá a rí ohun tó dá a dúró síbẹ̀. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí Pápà Dagogo rán mi. Ìyá gba ẹja náà, ó gbé e sí imú, ó sì gbé e lé orí ẹsẹ̀.

Ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Mo rò pé ó ń bínú.

Ó ní, "Ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn, níbi tí ìyá Ọ̀yọ́ yẹn ń jókòó sí, ṣé ó gba àgbà méjì?"